Oògùn Eégbọn fún Kọ̀ńdọ́

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ọ̀hún kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Èmi wà níbí, mo ń mí, ìyẹn nìkan ni mo lè fi yangàn. Orúnkún mi ọ̀tún máa ń bá mi jiyàn bí mo bá fẹ́ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ kò lè dúró de orúnkún ẹnìkan.

Ẹrù tí o fi ránṣẹ́ ti dé, kò sì sí ohun tó fọ́ nínú rẹ̀. Mo ti wọ súwẹ́tà náà. Apá rẹ̀ gùn jù, mo ti gé e kúrú. Ìgò kékeré tí o wé sínú ìbọ̀sẹ̀, tí o kọ ọ́ sí i pé "Oògùn eégbọn fún Kọ̀ńdọ́," mo rí i, mo sì kà á sí ológbò náà létí. Ó kí ọ. Ó ní o ṣeun tí o kò gbàgbé òun, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gbàgbé láti kọ lẹ́tà sí ìyá wọn fún odindi oṣù méjì. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi.

Kọ̀ńdọ́ ti darúgbó. Bí mo bá rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ mú un bọ̀ láti ibùdókọ̀ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, tó ní òun ti rí kọ̀ńdọ́ tí kò ní máa bú èrò, ẹ̀rín máa ń pa mí. Nísinsìnyí, awakọ̀ ti lọ, kọ̀ńdọ́ ló kù. Orí àga bàbá rẹ ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́, ó ń họ ara bí ẹni ń ta gìtá. Eégbọn fẹ́ jẹ ẹ́ tán.

Ìgò náà kò ní páálí, èdè tí wọ́n kọ sí i lára kò sì yé mi. Tíṣà tó ń gbé yàrá kejì sí mi wò ó títí, ó ní èdè àwọn ará ọ̀dọ̀ yín ni, òun ò gbọ́ ọ. Mo ta á sí i lẹ́yìn ọrùn bí o ti kọ ọ́ sára ìgò, ṣùgbọ́n o ò sọ iye ìgbà tí n ó máa fi sí i. Kọ̀wé sí mi.

Ìgbà wo lò ń bọ̀? Ọdún méjì lo sọ nígbà tí ò ń lọ. Mi ò bá ọ jà. Nígbà tí a sin bàbá rẹ láìsí ìwọ níbẹ̀ náà, mi ò bá ọ jà. Mo kàn ń bèèrè ni.

Èmi ni, ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú orúnkún. Ẹ bá mi kí Kọ̀ńdọ́, kí ẹ sì sọ fún un pé kó yé gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri.

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Òtẹ́ẹ̀lì kún fọ́fọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìsàlẹ̀ ilé ni ibi ìfọṣọ wa wà, kò sí fèrèsé níbẹ̀. Aṣọ ibùsùn ni mo ń lọ̀ látàárọ̀. Bí mo bá jáde, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọmọ yín ò lè lọ ìró kan kó má jó o, ẹ bá wá wò mí.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kí ẹ máa fi oògùn náà sí i, ẹ̀kán díẹ̀ báyìí ti tó. Èmi ni mo tú páálí rẹ̀ dànù. Gbogbo àwa tí a ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí wọ́n máa ń wọn ẹrù ní ilé ìfìwéránṣẹ́. A kì í fẹ́ kí páálí gba àyè tí ọṣẹ tàbí ìbọ̀sẹ̀ ì bá gbà.

Ní ti pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀, mo ti bi ọ̀gá mi. Ó ní kí n tún bi òun níparí ọdún. Màmá, ẹ má rò pé ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín ni.


Ogúnjọ́, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ nínú ihò tí ẹ ti ń lọṣọ. Ara mi le díẹ̀. Ti Kọ̀ńdọ́ ló ń kọ mí lóminú.

Nǹkan kan ti ń ṣe é, mi ò mọ ohun tí mo lè pè é. Bó bá dùbúlẹ̀ sórí àga, tí kò ṣe nǹkan kan, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Kì í ṣe pé ó ń sùn o. Mo mọ ti oorun. Bó bá sùn, ó máa ń fi ẹsẹ̀ lé eku lójú àlá, èmi á rẹ́rìn-ín, n ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti eléyìí, ojú rẹ̀ á là kedere, á máa wò mí. Etí rẹ̀ á kọ́kọ́ ta pì, pì, pì. Lẹ́yìn náà, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa rìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan á sì nà lójijì bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé e, màá máa gbọ́ ọ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á dáwọ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà ní ó jọ gìrì. Mo ní gìrì tí í mú ọmọ ọwọ́, kí ló fẹ́ fi àgbàlagbà báyìí ṣe? Èrò tèmi ni pé eégbọn tó kù ló sá wọ abẹ́ irun rẹ̀, tó ń bù ú jẹ níbi tí oògùn ò dé.

O ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Kí lẹ́tà rẹ tó dé, mo ti ń fi sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, díẹ̀díẹ̀. N ò lè purọ́ fún ọ, mo fẹ́ràn kí n máa fi sí i. Bí mo bá ṣí ìgò yẹn, tí òórùn rẹ̀ jáde, ó máa ń dà bí ẹni pé ìwọ lo wọlé tí o gbé ọwọ́ lé ológbò bàbá rẹ. Ṣé kí n fi kún un ni àbí kí n dín in kù? Bá mi bi àwọn tó mọ̀ níbẹ̀. Má jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gba lẹ́tà yín. Mo kà á lórí ìdúró nídìí ẹ̀rọ, nítorí kò sí àyè láti jókòó.

Ẹni méjì fiṣẹ́ sílẹ̀ níbí, iṣẹ́ wọn sì ti di tèmi. Ọwọ́ mi ti jóná lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé lẹ́tà yín máa bi mí bóyá mò ń jẹun. Ojú ìwé méjì lẹ kọ, lórí etí ológbò.

Màmá, Kọ̀ńdọ́ ti darúgbó. Ara àgbà máa ń gbọ̀n. Bó bá sì jẹ́ eégbọn ló ń bù ú jẹ lóòótọ́, a jẹ́ pé oògùn náà ò tíì tó ni, ẹ fi kún un. Ológbò ni, kì í ṣe ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó máa gba oorun lójú yín, ẹ má sì jẹ́ kí ó gba tèmi náà.

Màá kọ èyí tó gùn tí ara bá rọ̀ mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. O ṣeun. Ṣé ò ń jẹun? Mo ti bi ọ́ báyìí. Fi òrí pa ibi tó jóná, bí òrí bá wà níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé Kọ̀ńdọ́ kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, bí mo bá sọ̀rọ̀, òun ló máa ń yíjú sí mi. Bí mo bá sín, òun ló máa ń gbórí sókè. Ọmọ tí mo bí wà lókè òkun, ọkọ tí mo fẹ́ wà lábẹ́ ilẹ̀. Tí mi ò bá sọ ti ológbò, ti ta ni o fẹ́ kí n sọ?

Mo ti fi kún oògùn náà bí o ti wí. Gbígbọ̀n náà ò dín kù, ó ń le sí i. Tẹ́lẹ̀, á fò díẹ̀, á sinmi. Nísinsìnyí, ìsinmi rẹ̀ ò ju ìgbà tí mo fi máa ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Lánàá ó fẹ́ fò sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ó ṣubú. Ó wá jókòó sílẹ̀, ó ń wo ibòmíràn bíi pé kò sẹ́ni tó rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i náà, kójú má baà tì í. Nígbà tó yá, mo gbé e sórí àga.

Ìgò náà ku díẹ̀. N ó lò ó tán, bóyá eégbọn á gbọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Màmá mi, ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí,

Kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹ ti máa gba wáyà, iṣẹ́ kúkúrú tí mo ní kí ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ̀ sí yín láàárọ̀ yìí. Ẹ má fi oògùn yẹn sí Kọ̀ńdọ́ lára mọ́. Ẹ dà á nù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ wá dókítà ẹranko fún un kíákíá.

Obìnrin kan wà tí a jọ ń ká aṣọ ibùsùn. Ó ní ológbò mẹ́ta nílé. Lánàá, mo ń fi lẹ́tà yín ṣàwàdà fún un, bí Kọ̀ńdọ́ ṣe ṣubú tó wá ń díbọ́n. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá wọ́n fi nǹkan kan sí i lára. Mo ní oògùn eégbọn ni. Ó ní irú wo? Mi ò mọ irú tó jẹ́.

Bí a ṣe ṣíwọ́, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á. Olùtajà gbé páálí rẹ̀ jáde. Wọ́n ya orí ajá síwájú rẹ̀. Wọ́n ya orí ológbò sẹ́yìn, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà gba ojú rẹ̀ kọjá. Àwòrán ni, kò gba ìwé kíkà. Ọmọdé tí kò tíì wọ ilé-ìwé máa mọ ohun tó ń sọ. Páálí yẹn ni mo tú dànù lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́, mi ò tiẹ̀ yí i wò. Ohun tó ń pa eégbọn lára ajá, májèlé ni fún ológbò. Iṣan ara rẹ̀ ló ń bá jà.

Mo sì tún ní kí ẹ fi kún un. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ kàn kọ ọ́ pé ó ti wẹ̀, ó ti jẹun. Ẹ má kọ nǹkan mìíràn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì tún kí ọ. Mo kí ọ bí ẹni tó rí ọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ní o kú. Jókòó kí o tó ka èyí.

Kọ̀ńdọ́ ti kú. Mo kọ ọ́ síwájú kí ó má baà dà bíi pé mo ń tàn ọ́. Wò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ dé ní ọ̀sán, ó na wáyà sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wáyà tíì wọ ilé yìí rí, èyí tó sọ fún wa pé ọkọ̀ bàbá rẹ ṣubú. Ní àdúgbò wa, kò sẹ́ni tí í tẹ wáyà kí ènìyàn. Ikú ló máa ń gbé wá. Bí mo ṣe gbà á báyìí, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní ìwọ ló kàn. Mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí láìṣí i. Mo sọ fún ara mi pé bí mi ò bá ṣí i, o ò tíì kú.

Ọjọ́ bíi mélòó kan ló wà níbẹ̀. Mi ò ránṣọ, mi ò ṣílẹ̀kùn. Mo ń wo ìgò oògùn yẹn, mo ní ohun tí ọwọ́ ọmọ mi fi kàn mí gbẹ̀yìn nìyẹn. Gbogbo èyí tó kù nínú rẹ̀, mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi ra Kọ̀ńdọ́ láti orí dé ìrù. Mò ń sunkún, mo sì ń ra á. Ara rẹ̀ ń fò lábẹ́ ọwọ́ mi, èmi náà ń gbọ̀n, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Tíṣà ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ mi, ó wá kanlẹ̀kùn. Ó bá mi bẹ̀bẹ̀ títí kí n tó fún un ní wáyà náà. Ó ṣí i, ó kà á sókè pé: "Màmá, ẹ má fi oògùn náà ra Kọ̀ńdọ́ mọ́. Ti ajá ni. Ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ kíákíá." Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo ní, "Ṣé kò sí ikú níbẹ̀?" Ó ní kò sí ikú níbẹ̀.

Ọmọ mi, mo dìde, mo jó. Orúnkún tí mo ń ráhùn sí ọ lórí rẹ̀ yìí ni mo fi jó. Mò ń pariwo pé ọmọ mi ò kú, ọmọ mi ò kú, àwọn ará ilé ń jáde. Kọ̀ńdọ́ wà nílẹ̀, ó na gbalaja, ó ń gbọ̀n, ó ń wò mí. Èmi ń jó. Tíṣà ló fọwọ́ kàn mí léjìká tó ní, "Màmá, ológbò yín."

A wẹ̀ ẹ́. Ọṣẹ tí o fi ránṣẹ́ la fi wẹ̀ ẹ́. Tíṣà lọ wá dókítà tó ń tọ́jú màlúù, ó sì tètè dé. Ó gún un ní abẹ́rẹ́, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró díẹ̀, inú wa dùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní ká ní kò darúgbó ni, ká ní a sì ti tètè wẹ̀ ẹ́ ni, ì bá má kú. Orí itan mi ló kú sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. A sin ín sẹ́yìn ilé.

Má ṣe sọ pé ìwọ lo pa á. Ìwọ fi ìfẹ́ rà á, èmi fi ìfẹ́ ra á, wáyà rẹ sì wà lábẹ́ orí mi níbi tí mo ti ń sunkún ìwọ tí o wà láàyè. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an, ilé ti dákẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ní kí n yan ọ̀kan, o mọ èyí tí mo máa yàn.

Kọ̀wé kíákíá.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mi ò rí lẹ́tà rẹ. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ bá ń kọjá ni mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn báyìí nítorí mi.

Bó bá jẹ́ pé inú ló ń bí ọ sí mi nítorí wáyà tí mi ò ṣí, kọ ọ́ sínú ìwé kí n kà á. Bó bá sì jẹ́ ìtìjú ló dè ọ́ lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ fi ìtìjú rẹ ṣe? Bú mi, ó sàn fún mi ju kí o dákẹ́ lọ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹsàn-án

Màmá mi,

Ẹ kú ìdúró. Ẹ má bínú. Kì í ṣe ìbínú, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Mo ra ìpara kan fún orúnkún yín. Mo ní kí wọ́n ka gbogbo ohun tó wà lára páálí rẹ̀ fún mi. Mo tún gbé e tọ ẹlòmíràn lọ pé kó kà á. Mo dé ilé ìfìwéránṣẹ́, mo tò sórí ìlà, nígbà tó kàn mí mo yí padà. Abẹ́ ibùsùn mi ló wà. Mo wá ní kí n ra bàtà dípò rẹ̀, bàtà kì í pa ènìyàn. Olùtajà bi mí pé nọ́ńbà mélòó ni ẹsẹ̀ yín. Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo dúró síbẹ̀, mo ń gbìyànjú láti rántí ẹsẹ̀ yín, ìró rẹ̀ nínú pálọ̀ ni mo ń gbọ́, mi ò rí i. Mo jáde láìra nǹkan kan. Mo sunkún lójú pópó, èmi tí mi ò sunkún nígbà tí bàbá mi kú.

Ọ̀gá mi tún ti ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò lè wá. Mi ò lè fi nǹkan ránṣẹ́. Mi ò mọ ohun tó lè ṣe yín láǹfààní mọ́ àti ohun tó lè pa yín lára. Kí ni mo tún jẹ́ sí yín?

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹwàá

Ọmọ mi,

Ọmọ mi lo jẹ́. Ìbéèrè wo nìyẹn?

Nọ́ńbà ogójì ni ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n èyí òsì ti ń wú báyìí, bàtà tó bá ṣí lẹ́yìn ni mo lè wọ̀. Irun mi ti funfun tán níwájú. Mo ti yọ eyín kan lápá ọ̀tún lókè, mi ò sọ fún ọ nígbà náà. Mi ò lè jẹ ohun tó bá ní iyọ̀ púpọ̀ mọ́. Mo ti ń lo gíláàsì ojú kí n tó lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ti ń sùn ní pálọ̀, torí yàrá jìnnà jù sí ilẹ̀kùn. Tíṣà gbé ọmọ ológbò kan wá fún mi, mo ní kó gbé e padà, kò tíì yá.

Ṣé o rí i pé o ò mọ ọ̀kankan nínú wọn? Èmi náà ò mọ tìrẹ. Nígbà tí o ní ọwọ́ rẹ jóná, mi ò bi ọ́ pé ọwọ́ wo ni. Ọwọ́ wo ni?

Gbé ìpara yẹn jáde lábẹ́ ibùsùn, kí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú páálí rẹ̀, bó ti wù kó wúwo tó. Kí o tó tún ra nǹkan kan fún mi, má méfò mọ́. Bi mí. Mo ṣì wà láàyè, ọmọ mi. Bi mí.

Ìyá rẹ.